Bí Ilé-Ńkọ́ Ṣe Kí Ẹ̀rọ Ayàwòrán

Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo sì ṣèlérí tọkàntọkàn pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tí ó bá gbé omi kaná, kí ó má wulẹ̀ pa iná. Kí omi náà tó hó, a ó ti parí. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè fà á gùn ni ìkíni, ìkíni yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi tèmi.

Ẹ̀bi Ilé-Ńkọ́ ni.

Káfíńtà ni Ilé-Ńkọ́. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn o. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò pàdé tí kò ní bi pé, "Ilé ńkọ́?" Lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́yìn ọmọ, ìyàwó ńkọ́? Lẹ́yìn ìyàwó, ìyá ìyàwó ńkọ́? Bí ó bá lọ ra ìṣó, ẹni tí ń ta ìṣó á ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa kí Ilé-Ńkọ́ tó rántí pé ìṣó ni òun wá rà.

Ní ọdún kan, ilé aládùúgbò rẹ̀ gbaná. Ilé-Ńkọ́ ni ó kọ́kọ́ rí èéfín. Ó sáré, ó kan ilẹ̀kùn, gbà! gbà! gbà!

Onílé ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú àárọ̀, sà," ni Ilé-Ńkọ́ wí. "Ilé ńkọ́?"

Onílé ní ilé wà.

Nígbà tí wọn yóò fi kan ìyá ìyàwó, òrùlé ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ wa. Ní ọjọ́ Ajé kan, Dókítà eléyín tí ó ń tún ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣe ránṣẹ́ pe Ilé-Ńkọ́. Obìnrin tí kì í fi àsìkò ṣòfò ni. Bẹ́ńṣì mẹ́wàá ni ó fẹ́ fún yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró dè é. Kí bẹ́ńṣì náà ní ìfẹ̀yìntì. Kí ó sì ní ibi tí èèyàn lè dì mú gírígírí, torí ẹni tí ó jókòó síta máa ń gbọ́ igbe ẹni tí ó ti wọlé.

"Ẹ ya àwòrán rẹ̀ wá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá," ni Dókítà wí. "Káfíńtà mìíràn náà ń mú tiẹ̀ bọ̀. Àwòrán tó bá wù mí jù, ẹni tó ni ín ló niṣẹ́."

"Káfíńtà wo nìyẹn, mà?"

"Wọ́n ń pè é ní Kátálọ́ọ̀gì."

Àyà Ilé-Ńkọ́ já, gbì! bí ẹni pé odindi pákó jábọ́ sínú rẹ̀.

Kátálọ́ọ̀gì yìí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ rí. Ilé-Ńkọ́ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Ṣùgbọ́n bí Kátálọ́ọ̀gì ṣe gba òmìnira tán, ó wá ìwé ńlá kan tí ó kún fún àwòrán àga dídán, ó ń gbé e kiri abẹ́ apá, ó sì fi ìwé náà kó gbogbo oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ọdún kan péré. Iṣẹ́ tí Ilé-Ńkọ́ ṣe kẹ́yìn ni ẹsẹ̀ tábìlì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ni tábìlì náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù ṣì dára.

Kátálọ́ọ̀gì tún wá ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun kí ọ̀gá òun, kí wọ́n sọ pé bí iṣẹ́ Dókítà bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ọ̀gá òun má ronú, àyè wà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Wọ́n lè máa fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ àga.

Ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́! Kí èèyàn wá di ahasẹ̀-àga lábẹ́ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́!

Ilé-Ńkọ́ jókòó sórí pákó, ó mú pẹ́ńsù, ó ya bẹ́ńṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ọwọ́ tí ó lè gbẹ́ igi títí igi yóò fi fẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ọwọ́ yẹn kò mọ àwòrán yà rárá. Ìyàwó rẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún wò ó.

"Ewúrẹ́ ta nìyí?"

"Bẹ́ńṣì ni."

"Bẹ́ńṣì kẹ̀? Kí ló dé tó ń wò mí?"

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ yà kí wọn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí náà Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bùọ̀dá mi, èyí náà lẹ ń torí ẹ̀ fajú ro? Ẹ̀rọ wà báyìí tó jẹ́ pé ẹ kàn máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ni, á yà á."

"Láì fọwọ́ kan pẹ́ńsù?"

"Láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Inú fóònù yín báyìí ló máa wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin péré ni."

Ó fa páálí kan yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí i gàdàgbà-gàdàgbà, ó sì fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, láàárín ayùn ńlá àti ayùn kékeré.

"Èkíní rèé: 'prompt'. Òun ni ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ fún un, tó fi máa mọ ohun tó máa yà."

"Bí oníbàárà ṣe ń júwe àga fún káfíńtà."

"Ẹ ti gbà á! Ìkejì: 'model'. Òun ni ọpọlọ tó ń ya àwòrán náà. Wọ́n ti fi àìmọye àwòrán hàn án, wọ́n sì sọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé báyìí ni bẹ́ńṣì ṣe ń rí, báyìí ni ológbò ṣe ń rí."

"Àwòrán mélòó ni wọ́n fi hàn án?"

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún."

Ilé-Ńkọ́ ṣí fìlà lórí.

"Àgbà iṣẹ́ ni," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ìkẹta: 'noise'. Kì í ṣe ariwo etí o, Bùọ̀dá. Tí ẹ bá ti tan tẹlifíṣọ̀n tí kò mú nǹkan kan, ṣé ẹ rí wínníwínní tó máa ń bo ojú ẹ̀? Òun nìyẹn. Ibẹ̀ lẹ̀rọ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wínníwínní ló máa kọ́kọ́ wà níbẹ̀, á wá máa yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, á máa wo ohun tí ẹ sọ, títí bẹ́ńṣì á fi hàn kedere."

Ilé-Ńkọ́ fò dìde.

"Lẹ́búlẹ́bú pákó ni! Ó ń fá a kúrò títí ojú igi á fi yọ! Káfíńtà ni bàbá yẹn!"

"Bàbá wo?"

"Bàbá inú fóònù."

Tíṣà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo òkè àjà.

"Ìkẹrin," ni Tíṣà wí, "'negative prompt'. Àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ yìí ni. Ohun tí ẹ ò bá fẹ́ rí nínú àwòrán, ibẹ̀ lẹ máa kọ ọ́ sí. Bí ẹ ò bá fẹ́ ewúrẹ́, ẹ kọ 'ewúrẹ́' síbẹ̀, ó tán. Ẹ má dárúkọ ẹ̀ lókè o. Tí ẹ bá sọ lókè pé kó má ya ewúrẹ́, ewúrẹ́ yẹn ló máa gbọ́."

"Kí n dúró níwájú àgbà, kí n wá máa kọ ohun tí mi ò fẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn? Ìwà wo nìyẹn?"

"Bùọ̀dá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu yín, 'prompt' ni. Gbogbo ẹ̀ ló máa wá bó ṣe máa yà. Ṣé ẹ gbọ́?"

Ilé-Ńkọ́ gbọ́. Ó gbọ́ yékéyéké. Ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ìkíni ni ohun tí èèyàn ń ṣe kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wẹ̀. Ó wọ aṣọ tí ó fi ń lọ ìpàdé. Ó gbá ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé fóònù lé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ilé-Ńkọ́ tẹ ibi tí Tíṣà ní kí ó tẹ̀, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní:

"Ẹ kú àárọ̀ o, sà. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé ara wọn le? Mo dọ̀bálẹ̀ o, sà. Ẹ kú làálàá iṣẹ́. Bẹ́ńṣì kékeré kan ni mo ní kí ẹ bá mi yà, tó ní ìfẹ̀yìntì, tó ní ibi ìdìmú."

Fóònù ronú. Wínníwínní bo ojú rẹ̀, ó ń yí fìrìfìrì, ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀...

Páà! Àwòrán yọ.

Bẹ́ńṣì wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Bẹ́ńṣì gidi. Ṣùgbọ́n oòrùn òwúrọ̀ ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé kan wà lábẹ́ oòrùn náà. Ọmọ méje tò sórí bẹ́ńṣì bí ìwé orí pẹpẹ. Ìyá arúgbó kan dúró tì wọ́n, ara rẹ̀ le koko, apá rẹ̀ tóbi ju ti alágbẹ̀dẹ lọ. Níwájú bẹ́ńṣì gan-an, ọkùnrin kan nà gbalaja sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú léjìká rẹ̀.

"Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún bẹ́ńṣì?"

Ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sójú Ilé-Ńkọ́.

"Ṣé o rí i bí? Wọ́n dá mi lóhùn! Mo bi wọ́n nípa ọmọ, wọ́n fi ọmọ wọn hàn mí. Méje ni wọ́n bí! Màmá wọn rèé, ara wọn le lóòótọ́."

"Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Èmi nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ń ka nǹkan lábẹ́lẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, èyí tó jókòó ṣìkẹta yìí ní ìka mẹ́jọ lọ́wọ́ kan."

"Rọra sọ̀rọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni."

Wàyí o, ẹni tí wọ́n fi ọmọ hàn kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ilé-Ńkọ́ tún wúkọ́.

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Àwọn ọmọ dára, wọ́n á dàgbà. Ẹ ó kọ́lé sí i, ẹ ó ra mọ́tò, ẹ ó gẹṣin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dìde. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọmọ o. Àwọn ọmọ ni adùn ilé. Kó má sì jọ ewúrẹ́, sà, torí ìyàwó mi ní èyí tí mo fọwọ́ ara mi yà jọ ewúrẹ́."

Wínníwínní. Fìrìfìrì.

Páà!

Àwọn ọmọ ti dìde. Orí bẹ́ńṣì ni wọ́n dìde sí. Wọ́n ti di mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn wọn ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta wà, mọ́tò pupa kan wà níwájú rẹ̀, ẹṣin kan sì wà nínú mọ́tò náà, ó yọrí síta lójú fèrèsé. Láàárín gbogbo wọn, ní àárín gbùngbùn bẹ́ńṣì, ewúrẹ́ kan fẹ̀yìn tì, ó fi ẹsẹ̀ kan lé ìkejì bí alága ìpàdé.

Ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ kò tíì dìde.

"Ẹ̀rín ń pa mí!" Ìyàwó Ilé-Ńkọ́ di inú mú. "Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín ń pa mí!" Ó yí gbirigbiri wọ àárín òkìtì èérún pákó tí ọkọ rẹ̀ gbá jọ, gbàràgàdà! Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù síta.

Ilé-Ńkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ẹtì kù dẹ̀dẹ̀. Ó pe Tíṣà níbi iṣẹ́.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ kí i ni?"

"Kí ni ìtumọ̀ ṣé mo kí i?"

"Ẹ má kí i!"

Ilé-Ńkọ́ gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó dá a padà.

"Tíṣà, ilé ta ni wọ́n ti tọ́ ẹ?"

"Ilé tí wọ́n ti tọ́ ìyàwó yín. Bùọ̀dá, ẹ̀rọ ni! Kò nílé, kò lọ́mọ!"

"Mo ti rí wọn. Mẹ́rìnlá ni wọ́n."

"Ẹ sọ bẹ́ńṣì nìkan. Ohun tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú àpótí ìsàlẹ̀. Mo ní kíláàsì, ó dàbọ̀."

Ó gbìyànjú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò gbìyànjú. Ó dúró ṣánṣán, ó la ẹnu. "Bẹ́ń..." Òógùn bò ó. Ó wo fóònù, fóònù ń wò ó. "Bẹ́ń... bẹ́ń..."

"Ẹ kú ọ̀sán, sà!"

Oòrùn ọ̀sán yọ sínú àwòrán, lórí ewúrẹ́ gan-an.

Ó ní kí òun kúkú fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, bóyá ìka kò ní kí èèyàn. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, mo lérò pé àlàáfíà ni ìwé yìí yóò bá yín àti gbogbo ará ilé." Àwòrán yọ. Gbogbo ará ilé pé sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń ka ìwé.

Ó wá rántí àpótí ìsàlẹ̀. Ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó lò ó. Ṣùgbọ́n kí àgbà má bàa rò pé òun ń bu iṣẹ́ wọn kù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, sà, bẹ́ńṣì yẹn dára púpọ̀ o, àwọn èèyàn nìkan ni." Fóònù ronú.

Bẹ́ńṣì pòórá!

Ohun tí ó kù ni àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sójú òfuurufú, àti ewúrẹ́ tí ó fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́.

"Gbé e wá," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń gbọn èérún pákó kúrò lára. "Ẹ̀yin ọkùnrin ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ." Ó gba fóònù. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. "Ẹ kú ọ̀sán o, bàbá wa. Ìyàwó yín ńkọ́? Wọ́n ò tíì tún lóyún?"

N kò ní sọ ohun tí àwòrán náà fi hàn. Ìkọ̀kọ̀ àwọn tọkọtaya nìyẹn.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ní àwòrán mọ́kànlélógójì, ẹṣin mẹ́fà, àti ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́. Tíṣà dé láti ibi iṣẹ́. Ó wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó jókòó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ilé-Ńkọ́ ná ọjà ìkíni.

"Bùọ̀dá, ẹ mú ilé kúrò."

"Ó dáa. Mo ti mú ilé kúrò."

"Ẹ mú àwọn ọmọ kúrò."

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Mo mú wọn kúrò. Olúwa á dárí jì mí."

"Màmá."

"Màmá kẹ̀?"

"Màmá, Bùọ̀dá."

"...Ó dáa."

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀."

"Mo ti gbọ́."

"Ó ku ìdọ̀bálẹ̀."

"Láéláé!" Ilé-Ńkọ́ lu tábìlì, gbàmù! Ìṣó fò sókè. "Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí, kí n má dọ̀bálẹ̀? Kàkà bẹ́ẹ̀, kí Kátálọ́ọ̀gì gba iṣẹ́, kí n lọ máa ha ẹsẹ̀ àga!"

Ibẹ̀ ni ọjà dúró sí. Ilé-Ńkọ́ gbé fóònù sẹ́nu, ó ní, "Mo dọ̀bálẹ̀ o, sà. Onígi pátápátá ni mo fẹ́. Bẹ́ńṣì, ìfẹ̀yìntì, ibi ìdìmú." Ìyàwó rẹ̀ sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lẹ́nu kí nǹkan mìíràn tó jáde.

Páà!

Bẹ́ńṣì tí ó lẹ́wà. Kò sọ́mọ, kò sílé, kò séwúrẹ́. Ó ku ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó nà gbalaja níwájú rẹ̀, tí òun náà di onígi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń dán bí ilẹ̀kùn tuntun.

"Ó ti tó," ni Tíṣà wí. "Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ síwèé kó tó rántí àwọn ọmọ."

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dúró níwájú Dókítà. Kátálọ́ọ̀gì wọ bàtà tí ó ń dún kò-kò-kò. Ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó nàka sí bẹ́ńṣì kan tí ó dán, tí ó mọ́ tónítóní.

"Mo ti jókòó sórí irú èyí nílé ìwòsàn mẹ́ta," ni Dókítà wí. Ó yíjú sí Ilé-Ńkọ́. "Tiyín dà?"

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ilé..."

"Ilé wà. Àwòrán dà?"

Ilé-Ńkọ́ fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Dókítà gbà á. Ó wò ó. Nínú yàrá kejì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu eyín ń ké ṣíííín, ẹnìkan ń pe ìyá rẹ̀.

"Kí nìyí?" Dókítà fi ìka lé ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀.

Ilé-Ńkọ́ tẹjú mọ́ ìka náà. Gbogbo ọgbọ̀n ọdún rẹ̀ ń kọjá lójú rẹ̀, sáńpépà ni ó sì rí ní òpin gbogbo rẹ̀.

Kátálọ́ọ̀gì na ọrùn, ó wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ̀kẹ̀!

"Ọ̀gá mi, ẹ̀yin náà! Ẹ ti gbàgbé èèyàn sílẹ̀!"

"Dákẹ́," ni Dókítà wí. Ojú rẹ̀ ń dán. "Àpótí ìtìsẹ̀ ni, àbí? Àpótí ìtìsẹ̀ onígi! Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí àwọn aláìsàn mi á máa gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, wọ́n á máa ta ògiri mi nípàá. Ẹ wá wo ojú ẹ̀! Ẹni tí eyín ń dùn, tó bá rí ẹni tó wà nírú ipò yìí, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ṣé ẹ lè gbẹ́ ẹ bó ṣe wà yìí gẹ́lẹ́?"

Yíyà ni Ilé-Ńkọ́ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n gbígbẹ́!

"Mà," ó wí, "mo lè gbẹ́ ẹ débi pé á máa hanrun."

"Ẹ gbaṣẹ́. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pẹ̀lú ìtìsẹ̀ wọn."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ńṣì kò ṣòro. Ọkùnrin ni ó ṣòro. Káfíńtà tí ó mọṣẹ́ kì í gé igi láì wọn nǹkan, ta sì ni yóò na ara sílẹ̀ kí wọ́n wọ̀n ọ́n? Ilé-Ńkọ́ ní kí òun dọ̀bálẹ̀, kí ìyàwó òun wọn òun. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

"Olówó orí mi ni aláìsàn eyín á máa tẹ̀ mọ́lẹ̀? Kò ṣeé ṣe!"

Wọ́n wà lẹ́nu àríyànjiyàn yìí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí wọ́n gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà. Kátálọ́ọ̀gì ni. Ó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ pé òun ni yóò gba iṣẹ́ Dókítà tí ó fi ti ra pákó bẹ́ńṣì mẹ́wàá sílẹ̀. Pákó náà ti kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti kún yàrá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti ní kí ó yan ọ̀kan, òun tàbí pákó.

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní díẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ yẹn!" Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú èérún pákó, gbàlàjà! "Mo dọ̀bálẹ̀ o, sà!"

Ilé-Ńkọ́ wo ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wo téèpù.

Ẹ mọ̀ pé bí ọmọdé bá dọ̀bálẹ̀, àgbà ló máa ní kó dìde. Ilé-Ńkọ́ kò ní kí ó dìde.

"Pẹ̀lẹ́ o," ó wí, ó fa àpótí, ó jókòó. "Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà, sà."

Téèpù kọjá láti àtàrí dé gìgísẹ̀, wẹ́rẹ́.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ń kí yín."

Èjìká kan sí èjìká kejì.

"Ìyàwó ńkọ́? Ìyá ìyàwó ńkọ́? Àbúrò ìyá ìyàwó tó ní ẹsẹ̀ dídùn nígbà yẹn, ṣé ó ti ń rìn?"

"Ó ti ń sáré, sà. Ọ̀gá mi, nǹkan tútù kan kàn mí létí."

"Afẹ́fẹ́ ni. Gbé ojú sókè díẹ̀ kí n rí ẹ. Ó ti tó. Ojúlé kejì sí ilé ìyá ìyàwó, àwọn ńkọ́?"

Nígbà tí wọ́n fi máa kí ilé kẹrin, ìyàwó Ilé-Ńkọ́ ti kọ gígùn imú sílẹ̀. Ilé-Ńkọ́ wá ní kí Kátálọ́ọ̀gì dìde, ó sì fún un ní bẹ́ńṣì mẹ́ta ṣe, nítorí èèyàn dáadáa ni. Bẹ́ńṣì nìkan o. Ó ní àwọn ìtìsẹ̀, òun fúnra òun ni yóò gbẹ́ wọn.

Ó gbẹ́ wọn. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ojú kan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dun Kátálọ́ọ̀gì. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wọ ilé ìwòsàn, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì gbé bàtà méjèèjì lé ẹ̀yìn ọkùnrin onígi. Ó pẹ́ tí ó fi ń wò ó. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Dókítà," ó wí, "ojú ẹni tó wà nílẹ̀ yìí jọ ti ẹnìkan tí mo mọ̀."

"Ta ni?"

"Ó wà lẹ́nu mi, mi ò rántí. Ṣùgbọ́n ẹ wo iwájú orí ẹ̀. Ó dá mi lójú pé olúwarẹ̀ ò gbọ́n." Ó sì tún ẹsẹ̀ gbé lé e dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ràn bẹ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Eyín kan péré ni wọ́n tíì yọ fún un. Ó ku méjì, ó sì ti sọ fún Dókítà pé ibi tí òun jókòó sí lọ́jọ́ yẹn ni kí wọ́n máa bá òun fi sílẹ̀.